Òrìṣà Oko: Ojúbọ Ìkórè ní Ìràwọ̀

Òrìṣà Oko ni òrìṣà àwọn àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni wọ́n ń ké pè kí ilẹ̀ lè so èso, òun náà ni àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ máa ń tọ̀ lọ, nítorí pé ọwọ́ kan náà ni àwọn olùsìn rẹ̀ gbà pé ó ń mú irúgbìn hù nínú ilẹ̀ tí ó sì ń mú oyún dúró nínú. Ìràwọ̀, ìlú kan ní Òkè Ògùn nítòsí Ṣakí, ni orírun ìsìn náà. Láti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn ni àwọn olùsìn ti máa ń rìnrìn àjò lọ sí Ìràwọ̀ láti gba àṣẹ òrìṣà, kí wọ́n sì gba ọ̀pá irin tí gbogbo ayé fi ń dá ẹni tí ó ti débẹ̀ mọ̀.

Lóde òní, Ìràwọ̀ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Tedé. Ìràwọ̀ méjì ni àwọn ará agbègbè náà mọ̀, Ìràwọ̀-Ilé àti Ìràwọ̀-Òwòdè. Ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ yóò gba Ìsẹ́yìn kọjá, yóò sì kọrí sí apá Ṣakí.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè Ògùn. Koríko ibẹ̀ ga, igi èmí àti igi irú ló pọ̀ níbẹ̀, òkè olókùúta sì ń yọrí láàárín oko. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, a sì dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Láàárín ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ ọdún kan ṣe: iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí. Bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, ebi yóò wọlé. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu pé òrìṣà tí ó ni oko gbajúmọ̀.

Ọdẹ tí ó di òrìṣà

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Òrìṣà Oko kò pé ọ̀kan. Nínú ọ̀kan, ọdẹ ni, ará Ìràwọ̀. Ẹyẹ ẹtù ni ó máa ń dẹ nínú pápá, ó ní ajá kan, ó sì ní fèrè tí ó máa ń fọn. Bí ó ti ń dàgbà ni ó ń mọ ewé àti oògùn sí i, tí àwọn ènìyàn fi ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó kúrò láyé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Ajá, fèrè àti ẹyẹ ẹtù kò kúrò nínú ìsìn rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn olùsìn mìíràn máa ń fi fèrè tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ṣe àmì rẹ̀, ẹtù sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ ọ́.

Nínú ìtàn kejì, àrùn ẹ̀tẹ̀ kọ lù ú. Àwọn ará ìlú lé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sínú igbó, nítorí pé ẹ̀rù àrùn náà ń bà wọ́n. Nínú igbó ni ìyàwó rẹ̀ ti ṣàkíyèsí bí èso igbó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ tí ó sì ń hù padà. Ó gbìn díẹ̀, ó kórè, wọ́n jẹ, ara ọkọ sì yá. Nígbà tí tọkọtaya náà padà sí Ìràwọ̀, wọ́n kọ́ àwọn tí ó lé wọn jáde ní iṣẹ́ oko. Òrìṣà tí ó ti inú ìtàn yìí jáde jẹ́ òrìṣà tí ó mọ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tí wọ́n lé kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ó sì tún fi hàn pé ọwọ́ obìnrin ni ìmọ̀ irúgbìn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn bá ìsìn náà mu gan-an, nítorí pé àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ń sìn ín, àwọn ni wọ́n sì ń pè ní ìyàwó Òrìṣà Oko.

Ọ̀pá irin

Ohun tí ó mú kí orúkọ Ìràwọ̀ kàn jùlọ ni ọ̀pá Òrìṣà Oko. Irin ni wọ́n fi ń rọ ọ́, ó rí pẹrẹsẹ bí idà, ó sì lè ga tó ẹsẹ̀ márùn-ún. Apá òkè rẹ̀ dà bí èèkù tí a lè fọwọ́ dì mú. Lábẹ́ èyí ni àwọn alágbẹ̀dẹ máa ń fín iṣẹ́ ọnà sí lára, pẹ̀lú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ó ń rọra tẹ̀ léra wọn. Láti ibẹ̀ ni ojú irin ti ń gùn lọ sísàlẹ̀, tí ó sì ń fẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ó jọ ènìyàn tí ó dúró ṣánṣán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ojú, kò ní imú.

Ọkọ́ ni orísun irin náà. Ẹni tí òrìṣà bá pè, tí Ifá sì fi hàn pé ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀pá, yóò kó àwọn ọkọ́ irin jọ láti ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀, yóò kó wọn lọ sí Ìràwọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ìràwọ̀, tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ yìí, yóò fi iná mú ọkọ́ náà rọ̀, wọn yóò sì lù ú pọ̀ di ọ̀pá kan ṣoṣo. Irin tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti fi kọ ebè fún ọdún púpọ̀ ni ó di ohun ìsìn. Owó ńlá ni ọ̀pá yìí ń náni, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Ẹni tí ó bá ní i ti fi hàn pé òun ti rú ẹbọ tí ó wọni lára fún ilẹ̀.

Bí ọ̀pá bá dé ilé, ojúbọ inú ilé ni yóò wà. Wọ́n á gbé e dúró, wọ́n á fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Wọn kì í jẹ́ kí ó wà níhòòhò. Wọ́n á rán ẹ̀wù fún un, àwọn olówó a sì máa fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí ẹ̀wù náà lára: ojú ènìyàn, ẹyẹ, àti àwọn ìlà aláràbarà. Ìgbà ọdún ni wọ́n máa ń bọ́ ẹ̀wù náà tí wọ́n á sì fi irin hàn. Nígbà tí olùsìn bá kú, ọ̀pá kì í bá a lọ. Ẹbí ni yóò máa jogún rẹ̀, tí ẹnì kan nínú ilé yóò sì gba iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀.

Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn ọ̀pá wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní 1971. J. R. O. Ojo náà ṣe ìwádìí lórí Òrìṣà Oko gẹ́gẹ́ bí òrìṣà oko àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ọpẹ́lọpẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ìran ìsinsìnyí mọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Ìràwọ̀ fi wà ní àkọsílẹ̀.

Oyin, ẹfun àti osùn

Ọ̀pọ̀ òrìṣà ni ó ní ìránṣẹ́. Oyin ni ìránṣẹ́ Òrìṣà Oko. A. B. Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé lórí àwọn Yorùbá ní 1894, mẹ́nu bà á pé oyin ni òrìṣà yìí ń rán níṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà mọ ohun tí wọ́n ń wí. Níbi tí oyin bá ti ń fò láti òdòdó dé òdòdó ni ẹ̀gúsí ti ń so dáadáa, igi èmí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí náà sì nílò oyin kí òdòdó rẹ̀ tó lè di èso. Ẹni tí ó bá ń pa oyin ní ìpakúpa ń ba oko ara rẹ̀ jẹ́.

Ellis tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tí ibà ń ṣe máa ń bẹ Òrìṣà Oko fún ìwòsàn. Inú oko, níbi tí omi òjò ti ń dúró láàárín ebè, ni ẹ̀fọn ti ń jẹ àgbẹ̀. Òrìṣà tí ó ni oko ni wọ́n fi ẹjọ́ àrùn oko sùn.

Àwọn olùsìn ní àmì tí ènìyàn fi ń dá wọn mọ̀ lójú ọ̀nà. Ìlà kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ń fà wálẹ̀ sí iwájú orí, apá kan funfun, apá kan pupa. Ẹfun ni funfun, osùn ni pupa. Àwọ̀ méjèèjì yìí náà ni wọ́n máa ń lò sí ojúbọ. Ẹni tí ó bá rí obìnrin tí ó ní àmì náà lójú ọ̀nà mọ̀ pé ó yẹ kí òun yà fún un, nítorí pé ìyàwó òrìṣà ni.

Ibi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́

Kì í ṣe ọ̀ràn oko nìkan ni ó ń mú ènìyàn lọ sí Ìràwọ̀. Ìlú náà tún jẹ́ ibi ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn, pàápàá àwọn obìnrin, ni wọ́n máa ń mú lọ síbẹ̀ kí Òrìṣà Oko lè sọ bóyá ó jẹ̀bi tàbí ó jàre. Johnson ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí òrìṣà bá dá láre yóò padà sí ìlú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún lè fi ẹ̀sùn náà kàn án, nítorí pé ilé ẹjọ́ tí kò sí èyí tí ó ga jù ú lọ lórí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì sọ pé ó jẹ̀bi, ikú ni.

Kò yẹ kí a bo apá kejì yìí mọ́lẹ̀. Ẹ̀sùn àjẹ́ ti ba ayé ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ibi gbogbo láyé, àwọn tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni sì ti kú nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣe pàtàkì láti mọ ìdí tí wọ́n fi gbé irú ọ̀ràn yìí lé òrìṣà oko lọ́wọ́. Nínú èrò àwọn ènìyàn ìgbà náà, àjẹ́ ni ó ń dí obìnrin nínú, òun ni ó ń jẹ́ kí irúgbìn kú sínú ilẹ̀. Òrìṣà tí ó ń mú nǹkan hù ni ó yẹ kí ó mọ ẹni tí ó ń dí i lọ́wọ́. Ìrìn àjò náà gùn, ó sì ń gba àkókò. Nígbà tí inú bá ń bí àwọn ará ìlú tí wọ́n fẹ́ pa ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, gbígbé ọ̀ràn lọ sí Ìràwọ̀ lè fún ìbínú láyè láti rọlẹ̀.

Ọdún iṣu tuntun

Ọdún Òrìṣà Oko bọ́ sí ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde. Ṣáájú ọjọ́ náà, olùsìn kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan iṣu tuntun, bí ebi tilẹ̀ ń pa á. Òrìṣà ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n á wa iṣu, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, wọ́n á gbé ti òrìṣà síwájú ojúbọ, wọ́n á sì gbàdúrà fún oko ọdún tí ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ilé yóò jẹ.

Ellis sọ pé ní ọjọ́ ọdún náà, oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn ni wọ́n máa ń sè, wọ́n á kó wọn sínú ìkòkò, wọ́n á gbé ìkòkò náà sí ojú títì kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá lè jẹ nínú rẹ̀. Àwọn Yorùbá ló máa ń sọ pé bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Ìmọ̀ràn ni òwe náà fún àwọn ọjọ́ yòókù. Ọjọ́ ọdún Òrìṣà Oko yàtọ̀: ọwọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí iṣu lọ́jọ́ yẹn. Opó tí kò ní ọkùnrin tí yóò kọ ebè fún un jẹ, àlejò jẹ, ẹni tí oko rẹ̀ kò ṣe dáadáa jẹ. Ọlá àgbẹ̀ wà nínú iye ènìyàn tí ó jẹ nínú ìkòkò rẹ̀.

Èèwọ̀ iṣu tuntun tún ní ọgbọ́n oko nínú. Iṣu tí wọ́n bá wà ní kùtùkùtù kò tíì gbó, omi pọ̀ nínú rẹ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú àká. Ẹni tí ebi bá ń pa lẹ́yìn tí iṣu ọdún tó kọjá ti tán lè wa oko rẹ̀ tán kí iṣu tó tóbi, kó sì ba ọdún kan jẹ́ nítorí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èèwọ̀ náà ló ń dá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tí àsìkò bá tó, ní nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ yóò fi sùúrù hú ẹ̀gbẹ́ ebè, yóò gé iṣu ńlá kúrò, kò sì ní ba gbòǹgbò àti ìtàkùn jẹ́. Yóò dá yẹ̀pẹ̀ padà. Ìtàkùn náà yóò tún ta iṣu kéékèèké kí òjò tó dá, èyí tí àgbẹ̀ yóò fi ṣe èèbù fún ọdún tí ń bọ̀. Ìkórè àkọ́kọ́ jẹ́ ti jíjẹ, ìkejì jẹ́ ti gbígbìn. Ẹni tí ó bá yára jù pàdánù méjèèjì.

Iṣu tó irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ ní apá ibí yìí láyé. Ìwádìí lórí àbùdá àjogúnbá iṣu, tí ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Science Advances gbé jáde ní 2019, fi hàn pé ẹkùn odò Ọya, láàárín ìlà oòrùn Gánà àti ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ iṣu igbó di iṣu oko. Títí di òní, Nàìjíríà ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu ayé. Àwọn tí ó dá ìsìn Òrìṣà Oko sílẹ̀ jogún iṣẹ́ àwọn ìran tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ iṣu di ohun tí gbogbo ènìyàn ń jẹ.

Àwọn ọdún ìkórè mìíràn

Òrìṣà Oko nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi iṣu tuntun júbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún Ẹgbodò ni àwọn babaláwo fi máa ń gbé iṣu tuntun fún Ifá kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ní Èjìgbò, Òrìṣà Ògìyán tí ó fẹ́ràn iyán ni wọ́n ń ṣe ọdún fún. Ìlú a pín sí ọ̀nà méjì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a sì fi àtòrì na ara wọn láìsí ìjà, kí àdúrà fún ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, àpáta Olósùnta tí ó ga lórí ìlú ni ọdún ìjẹṣu so mọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà ní Ìràwọ̀ ni pé òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣáájú oko.

Èrò yìí kọjá ilẹ̀ Yorùbá: àwọn ará Port Harcourt kò ní láti lọ jìnnà kí wọ́n tó rí irú rẹ̀. Orí ilẹ̀ àwọn Ikwerre ni ìjọba amúnisìn ti dá ìlú náà sílẹ̀ láti 1912, wọ́n sì fi orúkọ Lewis Harcourt, tí ó jẹ́ mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń mú sìn nígbà náà, sọ ọ́ ní 1913. Èbúté àti ojú irin tí yóò kó èédú Enugu jáde ni wọ́n ń wá. Àmọ́ àgbẹ̀ ni àwọn tí ó ni ilẹ̀, iṣu sì ni olórí oúnjẹ wọn. Àwọn Ikwerre àti àwọn Etche tí ó wà lẹ́bàá ìlú náà ṣì ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Láàárín àwọn Igbo, Ahiajoku ni orúkọ òrìṣà iṣu, wọn kì í sì í jẹ iṣu tuntun kí wọ́n tó fún un. Ọ̀wọ̀ yìí pọ̀ débi pé nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Imo dá àsọyé ọdọọdún kan sílẹ̀ ní 1979 lórí àṣà àti èrò àwọn Igbo, orúkọ Ahiajoku ni wọ́n fi sọ ọ́. Yorùbá tí ń gbé ní Diobu, àdúgbò kan ní Port Harcourt, tí ó sì ń ra iṣu tuntun lọ́jà níbẹ̀, wà láàárín àwọn aládùúgbò tí ó mọ ìdí tí àwọn bàbá rẹ̀ fi ń dúró de òrìṣà kí wọ́n tó jẹun.

Láti Ìràwọ̀ dé Kyoto

Níbi tí ìrẹsì ti gba ipò iṣu, ìrẹsì ni wọ́n ń gbé fún òrìṣà. Ní Japan, Inari ni ẹ̀sìn Shinto gbà pé ó ni ìrẹsì àti ìkórè. Ojúbọ rẹ̀ tí ó lókìkí jù wà ní Fushimi, nínú ìlú Kyoto. Ọdún 711 ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ọ̀nà onígi pupa tí àwọn olùfọkànsìn fi tọrẹ sì tò tẹ̀ léra wọn gun òkè lọ. Bí Òrìṣà Oko ti ń rán oyin ni Inari ń rán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìdí nìyí tí ère kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi wà káàkiri ibẹ̀. Òmíràn gbé kọ́kọ́rọ́ àká ìrẹsì sẹ́nu. Ní ojúbọ ńlá Ise, ìrẹsì tuntun ni wọ́n ń gbé fún Amaterasu, òrìṣà oòrùn, ní oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, ọba Japan fúnra rẹ̀ a gbé ìrẹsì tuntun fún àwọn òrìṣà, lẹ́yìn náà ni òun náà á tó tọ́ ọ wò.

Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà náà ní ìrẹsì tirẹ̀, tí wọ́n ti ń gbìn kí ìrẹsì Éṣíà tó dé. Àwọn Diola ní Casamance, ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà, so ìrẹsì yìí mọ́ ojúbọ òjò wọn. Nígbà tí ìjọba Faransé ń fi agbára mú wọn gbin ẹ̀pà fún títà ní àwọn ọdún 1940, obìnrin wòlíì kan tí ń jẹ́ Aline Sitoé Diatta, ará Kabrousse, ní kí wọ́n padà sí ìrẹsì àwọn baba wọn, kí wọ́n sì máa rúbọ fún òjò. Àwọn Faransé mú un ní 1943, wọ́n gbé e lọ sí Timbuktu, ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1944. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá gba oúnjẹ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn ti gba agbára lọ́wọ́ wọn.

Òrìṣà Oko pàápàá ti la òkun kọjá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé e lọ, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nítorí pé àwọn ọ̀gá wọn kò fẹ́ ìsìn mìíràn ju ti Kátólíìkì lọ, wọ́n fi í sí abẹ́ orúkọ San Isidro Labrador, ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún. Àwòrán màlúù méjì tí ń fa ohun ìtúlẹ̀ ni àmì rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n funfun àti pupa ni wọ́n ṣì ń kùn fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹfun àti osùn ti Ìràwọ̀.

Bí nǹkan ti rí báyìí

Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Krístì ti gba ọ̀pọ̀ ọkàn ní Òkè Ògùn, àwọn tí ó ní àmì ẹfun àti osùn lórí sì ti dín kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá irin ti kúrò nínú ilé. Nígbà tí àwọn ọmọ olùsìn bá yí ẹ̀sìn padà, àwọn mìíràn a tà á fún oníṣòwò, oníṣòwò náà a sì tà á sókè òkun. Àwọn ọ̀pá Òrìṣà Oko àti ẹ̀wù onílẹ̀kẹ̀ wọn wà nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tí kò mọ iṣu gbé ń wò wọ́n lẹ́yìn gíláàsì. Òfin Nàìjíríà ti 1979 lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò fàyè gba gbígbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde láìgba àṣẹ. Àbò tí ó dájú jù ni kí ẹbí tí ó ní i mọ iyì rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bọ ọ́ mọ́ ṣì lè tọ́jú rẹ̀, kí ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí ó ń fúnni nírètí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005, èyí sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé ojúbọ lè jẹ́ ìṣúra ìlú, kódà lójú ẹni tí kì í bọ òrìṣà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi. Ọjọ́ náà bọ́ sí àsìkò iṣu tuntun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àbẹ̀wò sí irú ojúbọ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ìlànà. Ọba àti àwọn ìjòyè ni à ń kọ́kọ́ kí, kì í ṣe àwòrò. Àwọn ni yóò fi ẹni tí yóò mú àlejò dé ojúbọ hàn án. Obì, orógbó àti ohun mímu ni àlejò máa ń mú dání, bí ó bá sì jẹ́ àsìkò ọdún, iṣu kò burú. À ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé. A kì í ya àwòrán láìgba àṣẹ, a kì í sì í fọwọ́ kan ọ̀pá irin, nítorí ẹni tí ó gbà á nìkan tàbí àrólé rẹ̀ ni ó lè gbé e. Obìnrin ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí yóò ṣàlàyé, ó sì yẹ kí àlejò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà bó ti yẹ kí ó tó bèèrè ohunkóhun.

Ìkórè kì í ṣe ti ẹni tí ó wa iṣu nìkan. Ilẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, oyin ní ìpín, alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọkọ́ ní ìpín, aládùúgbò tí oko rẹ̀ kò ṣe dáadáa náà ní ìpín. Ojúbọ Òrìṣà Oko ni àwọn ará Ìràwọ̀ fi pa ìmọ̀ yìí mọ́, wọ́n sọ ọ́ di èèwọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọdún, wọ́n sì rọ ọ́ sínú irin. Ìlú tí ń fẹ́ kí oúnjẹ pọ̀, kí ó sì kárí, ní ohun púpọ̀ láti kọ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń bọ Òrìṣà Oko tàbí wọn kò bọ ọ́.